Àpérò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn: ta ló yẹ ká pàtẹ́wọ́ fún gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹni tí ò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè máa lọ: tí wọ́n bá tún ṣe é, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá tí wọ́n kọ sára pósítà tàn yín, torí àwọn olórúkọ ńlá yẹn gan-an ló fi àkókò wa ṣòfò jù, àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn wínníwínní sísàlẹ̀ ìwé ètò àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ wọn rárá, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rí nǹkan mú bọ̀. Mi ò ní dárúkọ àpérò náà o, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá ti lọ irú ẹ̀ rí á ti mọ irú àwọn èèyàn tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ àga, ọ̀rọ̀ báàgì tí wọ́n pín, mi ò bá tìyẹn wá. Àwọn èèyàn ni mo fẹ́ fún ní máàkì.

Ká bẹ̀rẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Àwọn tó wà nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ wọn, ọwọ́ wọn yá, wọn ò sì ṣe bíi pé à ń yọ wọ́n lẹ́nu. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára tágì tóbi débi pé ẹ lè kà á láti òdìkejì yàrá, ẹ má fojú kéré ìyẹn o, níbi tí gbogbo èèyàn ti jẹ́ àjèjì síra wọn, tágì tó ṣeé kà ló ń jẹ́ kéèyàn lè pe ẹlòmíì lórúkọ kí ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún kọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe sábẹ́ orúkọ ẹ̀: olóòtú, ayàwòrán, ẹni tó ń ṣètò ojú ìwé, ẹni tó ń ṣe ètò orí afẹ́fẹ́. Ó dáa gan-an. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé nígbà tí wọ́n yí àkókò àwọn ètò kan padà, ojú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ ìwé ẹ̀ mọ́, àwa tí ò gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá kàn ń wọ yàrá tí kò séèyàn níbẹ̀ ni. Àpérò oníròyìn, ìròyìn ò sì dé ọ̀dọ̀ oníròyìn, ẹ wò ó.

Ó wá kan olùbánisọ̀rọ̀ àgbà tí gbogbo wa ti ń retí. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ohùn ẹ̀ dùn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo àkókò tí wọ́n fún un, ìtàn ara ẹ̀ ló fi sọ: bó ṣe wọṣẹ́, bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe lé e, bí ọ̀gá ẹ̀ tún ṣe pè é padà, ààrẹ tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mínísítà tó ń pè é lóru. A pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò. Nígbà tí ẹnì kan wá bi í pé báwo la ṣe máa ṣe é tí ẹni tá a fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bá kọ̀ tí ò dáhùn, ó ní ká ní ìforítì. Ìforítì kẹ̀! Ìforítì dáa, àmọ́ kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà kejì tí mo máa fi ránṣẹ́ sí i? Ta ni kí n lọ bá tó bá kọ̀ pátápátá? Ṣé mo lè gbé ìròyìn náà jáde láìsí ọ̀rọ̀ tiẹ̀, ọjọ́ mélòó ló sì yẹ kí n fún un kí n tó kọ ọ́ pé a kàn sí i, kò fèsì? Nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ wá gbọ́ nìyẹn o. Ó jáde gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bó ṣe parí báyìí, a ò rí i mọ́.

Obìnrin tó kàn, yàrá kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n fi í sí, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa yẹ fọ́tò àti fídíò wò bóyá òótọ́ ni àbí irọ́. Kò sọ ìtàn ìgbésí ayé kankan. Ó gbé fọ́tò omíyalé kan sójú ògiri, ó ní ibo nìyí, ìgbà wo ni, ta ló yà á, ó wá jókòó ó ń wò wá. Gbogbo yàrá dákẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lójú wa: ó jù ú sínú Google Lens, ó jù ú sínú TinEye, ó tún jù ú sínú Yandex, àwọn ibi téèyàn ti lè fi fọ́tò wá ibi tó ti jáde rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kò sí èyí tó rí gbogbo nǹkan tán nínú wọn, ohun tí ọ̀kan ò bá rí òmíì lè rí i, torí náà ẹni tó wá a níbì kan ṣoṣo tí ò rí i, tó wá ń pariwo pé fọ́tò tuntun ni, kò tíì wá nǹkan kan. Ó ní ká máa wá èyí tó pẹ́ jù nínú gbogbo ibi tó ti jáde, ká má wo èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Àṣé fọ́tò náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún díẹ̀ ṣáájú òjò tí wọ́n ní wọ́n ti yà á. Fọ́tò gidi ni o, àlàyé tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni irọ́, ó sì ní irú ẹ̀ ló ń bọ́ sóun lọ́wọ́ jù, ju àwọn tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ.

Ó wá mú wa wo inú fọ́tò náà fúnra ẹ̀. Nọ́ńbà mọ́tò, èdè tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ tí mọ́tò ń gbà lójú títì, òjìji. Òjìji yẹn ló dùn mọ́ mi jù: ẹ̀rọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ SunCalc, tẹ́ ẹ bá fi ibì kan àti déètì kan sí i, á sọ apá ibi tí oòrùn wà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fi wé ibi tí òjìji orí fọ́tò nà sí, tí ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ bá ní àárọ̀ ni, tí òjìji ń sọ pé ìrọ̀lẹ́ ni, ó yẹ kẹ́ ẹ tún padà lọ bi í léèrè. Ẹnì kan ní ṣebí ìsọfúnni máa ń wà nínú fáìlì fọ́tò fúnra ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yà á, irú kámẹ́rà tí wọ́n lò, nígbà míì ibi tí wọ́n ti yà á pàápàá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bí fọ́tò lórí WhatsApp tàbí tí wọ́n gbé e sórí Facebook, ọ̀pọ̀ ẹ̀ á ti bọ́ dànù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa padà bá ẹni tó yà á pé kó fi ojúlówó fáìlì ránṣẹ́ bó ṣe wà nínú fóònù ẹ̀. Tó bá wá ń ṣe bóyá-bóyá, ìyẹn náà ti sọ nǹkan fún yín.

Èyí tí gbogbo yàrá kọ sílẹ̀ ni ti Wayback Machine, ibi tí wọ́n ń kó ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́ sí, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ayé lọ́dún 2001. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lò ó láti fi wo ojúewé àtijọ́. Ohun tó sọ ni pé ká kọ́kọ́ fi ojúewé pamọ́ síbẹ̀ KÁ TÓ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, torí ìpè yẹn ló máa ń jẹ́ kí wọ́n sáré lọ pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré nìyẹn, ó sì wúlò fún mi ju gbogbo ìtàn ààrẹ àti mínísítà lọ.

Bàbá kan tún wà tó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Díẹ̀ ló kù kí n má lọ, torí àkọlé ẹ̀ ò wuni rárá, a ò sì pọ̀ níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí Sweden níbi tí wọ́n ti ṣe irú òfin yìí lọ́dún 1766, ó fò dé Amẹ́ríkà níbi tí Lyndon Johnson, ààrẹ wọn nígbà yẹn, ti buwọ́ lu tiwọn ní 1966, ọdún 200 géérégé láàárín méjèèjì, ó kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe tiwọn ní 2000 àmọ́ tí aráàlú ò lè lò ó títí di 2005, ó dé Nàìjíríà ní 2011. Ní Nàìjíríà ọjọ́ 7 ni òfin fún iléeṣẹ́ ìjọba láti dáhùn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni. Mo ti ń rò pé ó fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ wá sùn ni, àṣé ó ń mú wa lọ síbì kan: ó ní ohun tí irú àwọn òfin báyìí ń fún yín ni ìwé tó ti wà nílẹ̀, wọn ò ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó kó máa ṣàlàyé ara ẹ̀ fún yín.

Ló bá gbé lẹ́tà méjì sójú ògiri, òun fúnra ẹ̀ ló kọ méjèèjì, wọ́n dá àkọ́kọ́ padà, wọ́n dáhùn èkejì. Nínú àkọ́kọ́ ó béèrè pé kí ló dé tí owó ilé-ìwé ò fi tó náwó mọ́. Nínú èkejì ó ní òun ń fẹ́ àkọsílẹ̀ owó tí ẹ̀ka báyìí ná láti oṣù báyìí sí oṣù báyìí, ó dárúkọ ìwé náà, ó dárúkọ ọ́fíìsì tó wà lọ́wọ́ wọn, ó ní irú fáìlì tí èèyàn lè fi ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà lòun fẹ́, kí wọ́n má ya fọ́tò bébà fún òun. Má béèrè ìdí, béèrè ìwé, ohun tó ń tẹnu mọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá sì kọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kọ̀, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n dúró lé nínú òfin, torí lẹ́tà yẹn náà ìwé ni, ẹ lè fi ṣe ìròyìn. Irú olùbánisọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ nìyẹn, ẹni tó lè gbé lẹ́tà ara ẹ̀ tí wọ́n dá padà síwájú àwọn ọmọ tó lè bí, kò tijú, kò sì fi ṣe àwàdà.

Ó ku àwọn atọ́kùn ètò. Hàbà! Wọ́n kó èèyàn mẹ́rin sórí àga gíga, wọ́n ní kí wọ́n jíròrò lórí ọjọ́ iwájú iṣẹ́ ìròyìn. Atọ́kùn ka ìtàn àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin látòkè délẹ̀, oyè, àmì ẹ̀yẹ, ibi tí wọ́n ti kàwé, gbogbo ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé tí wọ́n ti pín fún wa. Nígbà tó fi máa kà á tán, àkókò ti lọ. Ó wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni kejì ní òun fara mọ́ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ, ẹni kẹta ní òun náà fara mọ́ ọn, ẹni kẹrin ní àwọn tó ṣáájú òun ti sọ ọ́ tán. Kí la wá kó mẹ́rin wá ṣe? Nígbà tó kan àwa tá a jókòó sísàlẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan gba máìkì, ó ní ìbéèrè òun pín sí mẹ́ta, ẹ sì wò ó, kò sí ìbéèrè kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ ara ẹ̀ ló ń ròyìn, atọ́kùn ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀ o jàre!

Nínú yàrá kejì ọmọbìnrin kan wà, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ni, wọ́n kàn ní kó wá tọ́kùn torí ẹni tó yẹ kó ṣe é ò dé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi sọ ẹni tí àlejò jẹ́. Ó pín bébà kékeré fún wa ká kọ ìbéèrè sí, ó ṣà wọ́n, ó kó àwọn tó jọra pọ̀, ó bi wọ́n fúnra ẹ̀. Nígbà tí àlejò fẹ́ yẹ ọ̀kan sílẹ̀, ó rọra dá a padà, ó ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì gbọ́ ìdáhùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó dáhùn. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí mo rí gbà níbẹ̀, ó sàn ju ètò tí wọ́n kọ orúkọ yẹn lé lórí lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n wá sọ̀rọ̀, ìparí pátápátá ni wọ́n fi wọ́n sí, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń di ẹrù. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn ilé-ìwé kan ló wú mi lórí jù nínú wọn, ìtàn méjì tí gbogbo wa ti mọ̀ ló mú wá. Àkọ́kọ́ ni ti Pittsburg High School ní Kansas, Amẹ́ríkà, 2017: ilé-ìwé gba ọ̀gá tuntun, àwọn ọmọ tó ń ṣe ìwé ìròyìn ibẹ̀ ń múra àtikọ ìròyìn nípa ẹ̀, wọ́n wá ń yẹ yunifásítì tó ní òun ti gboyè wò, ọ̀rọ̀ ò bára mu, wọ́n ń pe ibí, wọ́n ń pe ọ̀hún, wọ́n gbé e jáde, ọ̀gá náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹrin kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Èkejì ni ti Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà náà: Theo Baker, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní 2022 nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lórí àwọn àwòrán tó mú ìfura dání nínú ìwé ìwádìí tí orúkọ ààrẹ yunifásítì náà, Marc Tessier-Lavigne, wà lórí wọn, nígbà tó fi máa di oṣù keje 2023 ààrẹ ti kéde pé òun ń fipò sílẹ̀. Baker gba àmì ẹ̀yẹ George Polk tí wọ́n ń fún àwọn oníròyìn ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kò tíì sí ẹni tó kéré tó o tó gbà á rí títí di ìgbà yẹn.

Àwọn olùbánisọ̀rọ̀ míì náà ti dárúkọ ìtàn méjèèjì kó tó kàn án, wọ́n kàn fi ń ta wá jí ni. Ọmọ yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ká lọ ka ohun tí ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ Stanford wò sọ, wọn ò ní ààrẹ náà fọwọ́ ara ẹ̀ yí àbájáde ìwádìí kankan, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan yí i nínú yàrá ìwádìí tó wà lábẹ́ ẹ̀, àti pé nígbà tí àṣìṣe hàn síta kò tún un ṣe bó ṣe yẹ. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ń fi ìtàn náà yangàn láìfi ìyẹn kún un, kò kọ́ nǹkan kan lára ẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, àga tó ṣófo ló pọ̀ jù.

Agbẹjọ́rò kan náà wá. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀: ẹjọ́ Tinker ní 1969 tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, àti ti Hazelwood ní 1988 tó fún ọ̀gá ilé-ìwé lágbára láti yọ ìròyìn kúrò nínú ìwé ìròyìn tí ilé-ìwé ń ṣe. Ó yé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa nínú yàrá yẹn kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n sì bi í pé kí ni kí àwa ṣe, ó ní ká lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibi tá a wà. Ẹ ṣé o.

Olóòtú kan tó wá sọ̀rọ̀ lórí àṣìṣe ni mo fún ní máàkì tó ga jù nínú àwọn àgbà. Ó mú ìròyìn tí Rolling Stone, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lóṣù kọkànlá 2014 nípa ìfipábánilòpọ̀ ní Yunifásítì Virginia, tí wọ́n fà sẹ́yìn lóṣù kẹrin 2015 lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn Columbia yẹ gbogbo bí wọ́n ṣe ṣe é wò. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ó pín wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ó ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sọ ìpè kan ṣoṣo tí ì bá dá ìròyìn náà dúró. Àwọn kan ní ìpè sí àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Àwọn kan ní ìpè sí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ní ọmọbìnrin tí ìròyìn náà dá lé lórí bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí akọ̀ròyìn ò bá sọ̀rọ̀ rárá. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹnì kan ní tá a bá ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ṣe níkà, ṣé kì í ṣe pé a tún ń ṣe é níkà lẹ́ẹ̀kejì ni? Olóòtú ní ká wo ẹni tó jìyà jù nígbà tí ìròyìn náà wó, ó ní àyẹ̀wò tá a rọra ṣe kó tó jáde, tá a sì ṣàlàyé fún ẹni náà ìdí tá a fi ń ṣe é, ààbò ẹ̀ ni. Àkókò tán, kò sẹ́ni tó dìde.

Ti AI, ọgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó lè kọ nǹkan bí èèyàn, ẹ jẹ́ n yára kọjá níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú wá, áàpù ló wá tà. Ó ń fi bí áàpù ẹ̀ ṣe ń kọ ìròyìn kíákíá hàn wá, ọmọkùnrin kan wá dìde ó bi í nípa CNET, ìkànnì ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, ní 2023, tí wọ́n lọ yẹ àpilẹ̀kọ 77 tí ẹ̀rọ bá wọn kọ wò, tí wọ́n sì ní láti tún 41 ṣe nínú wọn. Ó ní tàwọn yàtọ̀. Lọ́nà wo? Kò sọ. Atọ́kùn ní àkókò ti tán, àkókò tó pọ̀ rẹpẹtẹ nígbà tó ń polówó ọjà. Ṣebí wọ́n ń kọ́ wa pé tí nǹkan bá jẹ́ ìpolówó, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ìpolówó ni? Ìwé ètò kọ ọ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Òdo ni mo fún ètò yẹn, mo sì fún ọmọ tó béèrè ìbéèrè ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ibi tí ọkàn mi wà gan-an ni tábìlì àyẹ̀wò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tì wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kan tó ń lu gbàgà ní gbogbo ìgbà, tábìlì mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan nídìí ẹ̀, àwọn tó ti ṣe olóòtú tàbí olùkọ́ ìròyìn. Ẹ mú ìwé ìròyìn ilé-ìwé yín lọ, tàbí ìròyìn kan ṣoṣo, wọ́n á bá yín kà á pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ìlà ibẹ̀ ò fìgbà kan kúrú.

Màmá kan wà ní tábìlì àárín, kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣe dáadáa kó tó ka nǹkan tó kọ, ó sì máa ń kà á sókè. Mo dúró lẹ́yìn ọmọkùnrin kan, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ìròyìn ẹ̀ dá lórí ilé ìkàwé tí wọ́n fẹ́ dín wákàtí tó ń ṣí kù. Màmá kà á títí dé ìpínrọ̀ kẹfà, ó dúró, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan níbẹ̀, ó ní èyí ni ìròyìn ẹ ọmọ mi, kí ló wá ń ṣe nísàlẹ̀ níbí? Gbogbo ohun tó wà lókè, ìpàdé ni, ẹni tó ṣí ìpàdé, ẹni tó kí alága, ẹni tó kí àwọn tó kí alága. Ó ní ẹni tó ń kà á fẹ́ mọ aago mélòó ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì máa ríbi kàwé lálẹ́. Ó bi í pé ọ̀rọ̀ ta ló wà níbí. Ọ̀gá ilé ìkàwé, igbákejì ọ̀gá, akọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé níbẹ̀ lóru ńkọ́? Kò sí. Màmá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, ó ní kó lọ wá méjì.

Ó wá kan nọ́ńbà. Ọmọ náà kọ ọ́ pé iye àwọn tó ń kùnà ti fi 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, láti 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Màmá ní láti 4 sí 6, ìdajì ohun tó wà tẹ́lẹ̀ ló tún gun orí ẹ̀, 50 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, tó bá jẹ́ 2 yẹn lo fẹ́ sọ, sọ pé ó fi póìǹtì 2 lọ sókè, torí alága á fẹ́ kó o kọ 2, alátakò á fẹ́ kó o kọ 50, ìwọ ní tìẹ kọ méjèèjì kí òǹkàwé rí ibi tí wọ́n ti wá. Ó ṣe é lórí bébà, ó ní kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ ṣe òmíràn lójú òun kó tó dìde. Kó tó jẹ́ kó lọ, ó fi pẹ́ńsù sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó kọ bí òótọ́, ó ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló sọ èyí fún ẹ, ibo lo ti rí i, èyí tí ò bá ti ní ìdáhùn á yí i ká. Ọmọ náà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú bébà tó kún fún pẹ́ńsù, inú ẹ̀ sì ń dùn. Mo wo ojú ẹ̀ dáadáa.

Wọn ò kọ orúkọ màmá yẹn síbì kankan nínú ìwé ètò. Wọ́n wulẹ̀ kọ pé àyẹ̀wò wà fún ẹni tó bá fẹ́. Mo bi ọ̀kan lára àwọn tó ṣètò ẹ̀, ó ní wọn kì í ṣe olùbánisọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ó dáa.

Àwọn òṣìṣẹ́ míì tó yẹ kí n dárúkọ: bùrọ̀dá tó ń bójú tó ohùn, ó máa ń wọlé dán máìkì wò kí ètò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ó tún ń kọ́ àwọn tó bá béèrè bí wọ́n ṣe ń gba ohùn yàrá lásán sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n lè rí nǹkan fi dí ibi tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tò ó, kò sẹ́ni tó ní kó kọ́ wa, ó kàn ṣe é ni. Àwọn tó ń fọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fáwọn adití dáa púpọ̀ ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ńlá nìkan ni wọ́n fi wọ́n sí, ìyẹn ni pé adití gbọ́ ìtàn mínísítà, kò gbọ́ ti Wayback Machine. Wọ́n sì tẹ nọ́ńbà kan sẹ́yìn tágì, pé ẹni tí ẹnikẹ́ni bá dà láàmú kó pè é. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, àfìgbà tí mo rí i tí ọ̀kan lára àwọn àlejò ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin kan kiri pé kó fún òun ní nọ́ńbà òun máa bá a wá ibi ìkọ́ṣẹ́, òṣìṣẹ́ obìnrin kan dé láìpẹ́ rárá, ó dúró sáàárín wọn, ó ní ọ̀gá, lẹ́tà ìkọ́ṣẹ́ ọ́fíìsì wa ni wọ́n ń fi í sí, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ. Kò pariwo, kò sì kúrò níbẹ̀. A ò rí àlejò yẹn nínú ètò ọjọ́ kejì mọ́.

Máàkì mi: àwọn òṣìṣẹ́, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ọ̀kan tí mo yọ jẹ́ ti ìwé ojú ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn olùbánisọ̀rọ̀, mẹ́fà, ẹ̀yin náà ti rí àwọn tó fà á wálẹ̀. Atọ́kùn, mẹ́rin, ọmọbìnrin yẹn ló ni mẹ́ta níbẹ̀. Tí wọ́n bá tún ṣe é, kí wọ́n gbé tábìlì àyẹ̀wò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn gidi, kí wọ́n fi tábìlì kún un, kí wọ́n sì jẹ́ ká lè gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tẹ ìròyìn yín jáde lórí bébà, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà, kí ẹ mú nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò dání, torí màmá á bi yín.